Bí ẹ ṣe máa sanwó ọkọ̀ tuntun tí wọn ò tíì ṣe, tí yóò sì wọ Kàbbà lóòótọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá kan wá bá mi láti Ìyàrà. Ó da ìwé inú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì: risíìtì kan, káàdì ọmọkùnrin tó ta ọkọ̀ fún un, àti ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ náà. Mo gbé risíìtì sún mọ́ fèrèsé kí n lè rí i kà dáadáa. Àsansílẹ̀, píkọ́ọ̀pù kan, funfun: gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí nọ́mbà ṣásì, ìyẹn nọ́mbà ìdánimọ̀ tó wà lára irin ọkọ̀. Kò sí oṣù tí ọkọ̀ yóò dé. Kò sí bóyá owó tó kù lè gbéra sókè tàbí kò lè gbéra. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó ti sanwó, èsì kan náà ló sì ń gbà nígbàkigbà tó bá pè wọ́n: "Màmá, ẹ ṣe sùúrù, ilé-iṣẹ́ ló ń pẹ́."

Ó lè jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ń pẹ́ lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé màmá yìí ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè fi mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Èmi náà ti wà nírú ipò yẹn rí. Ní 2021, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa nígbà tí a sanwó bọ́ọ̀sì tuntun kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kan ní Àbújá. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún wa, oṣù mọ́kànlá la fi dúró. Ìgbà kajú dé, ó kọjá lọ, ọkọ̀ àyágbà la fi kó ẹrù wa, owó ọkọ̀ sì jẹ èrè wa tán. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ra tíà-rọ́bà nínú wa máa ń kọ́kọ́ gbé ìwé rẹ̀ wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: títí tí wọn yóò fi fún yín ní nọ́mbà ṣásì, owó lẹ yá wọn, ẹ ò tíì ra ọkọ̀.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó gbéra

Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹ ò ní fi ṣe nǹkan mìíràn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìpè, gbogbo orúkọ àti gbogbo ọjọ́ yóò wà.

Àdírẹ́sì í-meèlì tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣí. Tó bá jẹ́ ọmọ ló ń bá yín ṣí i, ẹ jẹ́ kó máa tẹ ìwé náà jáde fún yín.

NIN yín, ìwé ìdánimọ̀ kan, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò tó bá jẹ́ pé orúkọ òwò tàbí ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ fi ra á.

Ẹnìkan tó ń gbé nítòsí ibi tí ẹ ti fẹ́ rà á, Àbújá, Ìlọrin tàbí Èkó. Kó jẹ́ ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ bá ní kó lọ. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko ni, àwọn tó ń ta ọkọ̀ sì mọ̀ pé ẹni tó jìnnà kì í lè wá jókòó dè wọ́n. Ẹni tó sún mọ́ wọn yìí níye lórí ju ẹ̀dínwó tí wọ́n bá fún yín lọ.

Lẹ́yìn náà, owó. Kì í ṣe àsansílẹ̀ nìkan o: gbogbo owó ọkọ̀, àti ìdá kan nínú márùn-ún lé lórí, tó wà níbi tí ẹ ti lè rí i kó jáde. Tí gbogbo èyí ò bá tíì pé, ẹ má tíì lọ.

Ìpele 1: Ẹ ti ẹ̀yìn ka oṣù

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ fi ọjọ́ tí owó pé lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ká ní kajú lẹ fẹ́ fi kó, oṣù kejì ló ti ń yọjú lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí oṣù kìíní tó parí. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ méjì fún nọ́mbà àti ìwé. Ẹ yọ oṣù kan fún èbúté àti àwọn aṣọ́bodè. Tó bá jẹ́ Japan tàbí Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ yọ oṣù méjì fún ojú omi. Ibi tó bá kù ni ẹ ó fi àkókò tí wọ́n sọ pé ilé-iṣẹ́ yóò fi ṣe é sí, ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ó lè dà bí àsọdùn létí yín. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, Toyota fúnra rẹ̀ kéde ní Japan pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè fún Land Cruiser tuntun lè dúró tó ọdún mẹ́rin kó tó gbà á. Japan ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ náà. Tí onílé bá ń dúró bẹ́ẹ̀, èwo ni ti àwa tí a wà lókè òkun?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á ta ògbólógbòó ọkọ̀ wọn kí àsansílẹ̀ lè pé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sóko tàbí síbi iṣẹ́ lónìí gbọ́dọ̀ wà títí kọ́kọ́rọ́ tuntun yóò fi bọ́ sí yín lọ́wọ́. Tí àsansílẹ̀ ò bá lè pé láìta á, ẹ padà sídìí tòkunbọ̀ tó dára tí ẹ lè fojú rí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ wò ó: ṣé ẹ lè fara dà á tí ọkọ̀ bá fi oṣù mẹ́fà pẹ́ ju ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ, láìyáwó jẹun? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìpele 2: Ẹ bi wọ́n pé ibo gan-an ni ọkọ̀ náà wà

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń tajà: "Ó ń bọ̀." Ibi mẹ́ta ni ọkọ̀ tuntun lè wà, àkókò ìdúró ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Ó lè wà ní yáàdì wọn. Ẹ rán ẹni yín lọ kó ya àwòrán nọ́mbà ṣásì lára irin, kó fi ránṣẹ́ sí yín lójú ẹsẹ̀. Ó lè wà lórí omi. Ẹ béèrè orúkọ ọkọ̀ ojú omi àti ìwé ẹrù rẹ̀. Orúkọ yẹn lẹ ó tẹ̀ sórí MarineTraffic, ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń tọpa ọkọ̀ ojú omi, ẹ ó sì rí ibi tó wà lórí òkun. Tàbí kó jẹ́ pé wọn ò tíì ṣe é rárá. Ẹ béèrè oṣù tí ilé-iṣẹ́ fi í sí nínú ètò iṣẹ́, kí wọ́n sì fi ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi dá wọn lóhùn hàn yín.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ tí wọ́n tò ní Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ èyí o. Innoson ní Nnewi, Nord ní Èkó, Peugeot ní Kàdúná, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ gidi, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rí ọkọ̀ wọn lójú títì wa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀yà ọkọ̀, pàápàá ẹ́ńjìnnì, inú kọ̀ńténà ló ń gbà wọlé láti òkè òkun. Kọ̀ńténà kan ṣoṣo tó há sí èbúté lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró. Ẹ bi wọ́n bóyá àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ yín ti wọ ọgbà wọn.

Ohun kan wà tó ń dín ìdúró kù tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: àwọ̀ àti àwọn àfikún inú ọkọ̀. Ẹni tó ní dandan pupa lòun fẹ́, tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí, yóò dúró de ọkọ̀ tí wọn yóò ṣe nítorí rẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá gba funfun tàbí aláwọ̀ eérú lè rí èyí tí ẹlòmíràn kọ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ àwọ̀ mẹ́ta tí ẹ lè gbà sílẹ̀, kí ẹ tò wọ́n bí ẹ ṣe fẹ́ràn wọn sí.

Ẹ wò ó: tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ibo ni ọkọ̀ wà, ṣé ẹ lè fi ìwé tàbí àwòrán dá a lóhùn?

Ìpele 3: Àdéhùn, kí owó tó kúrò ní báńkì

Ẹ ní sùúrù níbí ju ibòmíràn lọ. Àwọn ènìyàn máa ń ka ìwé ìdíyelé, tí wọ́n ń pè ní proforma, sí àdéhùn. Kì í ṣe é. Iye ọjà lónìí nìkan ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí iye náà yóò dópin sì máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní lẹ́tà wíńníwínní. Àdéhùn ni ìwé tí ẹ̀yin àtàwọn jọ fọwọ́ sí.

Ẹ rí i pé àdéhùn náà dárúkọ ọkọ̀ délẹ̀délẹ̀: irú rẹ̀, ọdún rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tó, irú gíà rẹ̀, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ gbà. Ọdún yẹn ṣe pàtàkì. Tí wọn ò bá kọ ọ́, tí ìdúró bá sì gùn, wọ́n lè gbé èyí tí wọ́n ti ṣe lọ́dún tó kọjá fún yín ní iye tọdún yìí.

Ẹ béèrè ọjọ́ méjì. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n retí pé ọkọ̀ yóò dé. Èkejì ni ọjọ́ ìkẹyìn, èyí tó jẹ́ pé tó bá kọjá, ẹ lè gba gbogbo owó yín padà láìsí ìyọkúrò, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọn yóò fi tayọ̀tayọ̀ fún yín ní èkíní, wọn yóò sì máa fì sọ́tùn-ún sósì lórí èkejì. Ẹ dúró lórí èkejì. Ohun tí kò sí nínú ìwé tiwa ní 2021 nìyẹn. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n sọ fún wa, ẹnu lásán ni.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ àfikún owó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀, dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,400 láàárín ọdún kan. Kò sí ẹni tó ń kó ọkọ̀ wọlé tó lè ṣèlérí pé iye ọkọ̀ ò ní yí láé, n kò sì dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé apá tí ẹ ti san ò gbọdọ̀ gbéra mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 40, ẹ san mílíọ̀nù 16 sílẹ̀, ó ku 24. Kí ọkọ̀ tó dé, iye rẹ̀ di mílíọ̀nù 50. Tí àdéhùn ò bá sọ nǹkan kan, wọn yóò ní kí ẹ mú 34 wá. Tó bá jẹ́ pé apá tó kù nìkan ló lè gbéra, mílíọ̀nù 24 yẹn ni yóò fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan gòkè, yóò di 30. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà.

Òfin náà wà lẹ́yìn yín. Òfin àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà fún ẹni tó béèrè ọjà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọ́gi lé e. Ẹni tó ń tajà lè yọ iye tó bá bọ́gbọ́n mu fún ìnáwó rẹ̀. FCCPC ni àjọ tó ń mú un ṣẹ. Ẹ dárúkọ òfin yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ àdéhùn. Kò pọn dandan kí ẹ halẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n yóò ṣọ́ra fún ohun tó ń kọ.

Tí ẹ bá ní lọ́yà nínú ẹbí, ẹ fi hàn án. Tí ẹ ò bá ní, ẹ fún olùkọ́ kan tó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa kó kà á fún yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wò ó: ẹ fi ìka tọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí lórí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan: ọdún ọkọ̀, ọjọ́ ìkẹyìn, bí owó yóò ṣe padà, apá tí kò lè gbéra. Èyí tí ìka yín ò bá rí, kò sí nínú àdéhùn, ohun yòówù kí wọ́n fi ẹnu sọ fún yín.

Ìpele 4: Sísan àsansílẹ̀

Kò gùn. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gan-an lẹ ó san owó sí, láti báńkì. Ẹ má san kọ́bọ̀ sí àkáǹtì ọmọkùnrin tó ń tajà, kódà tó bá ní òun fẹ́ fi yára ṣe é fún yín, kódà tó bá jẹ́ ọmọ Yàgbà tó sì ń fi èdè wa kí yín. Níbi tí ẹ ti ń kọ ìdí tí ẹ fi ń sanwó, ẹ kọ nọ́mbà àdéhùn. Ẹ má san ju ìdajì lọ fún ọkọ̀ tí wọn ò tíì ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ ló tẹ́ èmi lọ́rùn.

Ẹ wò ó: risíìtì dé láàárín ọjọ́ méjì, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ bá ti àkáǹtì mu, nọ́mbà àdéhùn sì wà lórí rẹ̀.

Ìpele 5: Nọ́mbà ṣásì

Ọjọ́ tí nọ́mbà yìí bá wọlé ni ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti wọ ètò iṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fún un ní nọ́mbà, nítorí náà tí wọn ò bá rí i fún yín lẹ́yìn oṣù tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe é, a jẹ́ pé wọn ò tíì ṣe é nìyẹn.

Ẹ kà á bí ìyá arúgbó ṣe ń ka owó. Lẹ́tà àti nọ́mbà gbọ́dọ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀. I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí ènìyàn má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ ibi tó ti wá: J fún Japan, K fún Kòríà, L fún Ṣáínà, W fún Jámánì. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn, ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: R jẹ́ 2024, S jẹ́ 2025, T jẹ́ 2026. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé Japan ni wọ́n ti ṣe é, tí nọ́mbà sì fi L bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó san owó mìíràn.

Ẹ ní kí wọ́n fi nọ́mbà náà kún àdéhùn, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n lè ní kò pọn dandan. Ó pọn dandan. Ọkọ̀ tí kò ní orúkọ yín lórí ìwé, ẹni tó bá gbé owó pípé wá láàárọ̀ ọjọ́ tó dé ni wọ́n lè gbé e fún.

Ẹ wò ó: nọ́mbà 17, orúkọ yín, ojú ìwé kan náà.

Ìpele 6: Ìdúró

Àwọn kan máa ń pè lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á bínú, wọ́n á sì dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn, kò sì so èso kankan. Ẹ yan ọjọ́ kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ajé àárọ̀ ni tèmi. Ẹ fi í-meèlì tàbí WhatsApp ránṣẹ́ kí ẹ tó pè, kí èsì lè wà ní kíkọ. Ohun tí mo máa ń kọ ò ju èyí lọ:

"Ẹ káàárọ̀. Nọ́mbà àdéhùn mi rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ìpele wo ni ọkọ̀ náà wà lónìí: wọn ò tíì ṣe é, wọ́n ti ṣe é, ó wà lórí omi, àbí ó wà ní èbúté? Ṣé ọjọ́ tí ẹ sọ kẹ́yìn ṣì dúró? Tó bá ti yí, kí ló yí i?"

Ẹ kọ èsì àti orúkọ ẹni tó fún yín sínú ìwé. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ẹ ó ti máa rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Ẹni tó ń sọ òótọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ń kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó ń tan yín, ìdí tó ń sọ ló ń yí padà, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan.

Ìdí tí wọ́n bá sọ, ẹ mọ bí ẹ ó ṣe gbà á. Tí wọ́n bá ní ẹ̀yà kan ló wọ́n, ẹ béèrè ẹ̀yà wo. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó dá bọ́ọ̀sì tiwa dúró ni ṣíìpù, ẹ̀yà kékeré tí kò tó èékánná tó jẹ́ ọpọlọ fún ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ dá ìbéèrè wọn fún ṣíìpù dúró, àwọn tó ń ṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà gba àyè wọn, nígbà tí ọjà ọkọ̀ sì padà ṣí, ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n bá ara wọn. Oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ṣíìpù ń gbà kó tó jáde. Ní oṣù kẹta 2021, iná tún jó ilé-iṣẹ́ Renesas ní Naka, ní Japan, tó ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ogun Ukraine dá àwọn tó ń di wáyà ọkọ̀ dúró, ilé-iṣẹ́ ńlá ní Jámánì sì ti ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀. Irú ìdádúró báyìí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ta ọkọ̀ fún yín, ẹ má bá a jà. Oṣù ni ẹ fi kà á, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Tí àdéhùn yín bá gbà, ẹ béèrè èyí tí kò ní ẹ̀yà tó wọ́n náà, kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù.

Tí wọ́n bá ní ilé-iṣẹ́ dá iṣẹ́ dúró lójijì, ìyẹn máa ń kúrú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ìtòkọ̀ Toyota mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ní Japan dúró nítorí pé àyè tán nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń béèrè ẹ̀yà ọkọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ìdádúró ọjọ́ kan ṣàlàyé oṣù mẹ́rin, ohun mìíràn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ojú omi, ẹ padà sórí orúkọ ọkọ̀ ojú omi yẹn. Láti ìparí 2023 tí wàhálà Òkun Pupa ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ yí gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, ọ̀nà wọn sì gùn sí i.

Tí wọ́n bá ní àwọn aṣọ́bodè ni, ẹ béèrè nọ́mbà Form M, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń kó ọjà wọlé ń kún, àti ti PAAR, ìwé tí àwọn aṣọ́bodè fi ń ṣírò owó tí wọn yóò gbà lórí ọjà. Báńkì ni wọ́n ti ń ṣí Form M, ó sì yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ọjà tó gbéra. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọkọ̀ há sí Àpápá, tí wọn ò sì lè fún yín ní nọ́mbà kankan, ọkọ̀ ò tíì dé Àpápá.

Èyí tó burú jù, tí wọn kì í sì í sọ, ni pé wọ́n ti fi owó yín ṣe nǹkan mìíràn. Àmì rẹ̀ rèé: wọn ò fún yín ní nọ́mbà ṣásì, wọ́n ń béèrè owó sí i kí ìpele kankan tó yí padà, ọmọkùnrin tó ń tajà sì ti yí nọ́mbà fóònù rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá rí méjì nínú mẹ́ta yìí, ẹ rán ẹni yín sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kejì.

Kí ọjọ́ ìkẹyìn tó kọjá, ẹ ti pinnu. Tí ọkọ̀ bá ti wà lórí omi, èmi yóò dúró, nítorí ẹni tó bá gba owó rẹ̀ ní àkókò yẹn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlà níbòmíràn. Tí wọn ò bá tíì ṣe é, èmi yóò gba owó mi. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ẹ̀dà àdéhùn sí i, ẹ gba ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá tí owó ò bá wọlé, lẹ́tà náà ló ń lọ sí FCCPC.

Ẹ wò ó: ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín. Ṣé ẹ rí èsì kíkọ kan fún gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì?

Ìpele 7: Yíyẹ ọkọ̀ wò kí owó ìkẹyìn tó lọ

Ọkọ̀ tó pẹ́ lọ́nà ti dúró nínú oòrùn àti iyọ̀ òkun. Tuntun ni, ṣùgbọ́n ó ti jìyà. Ẹ lọ ní ojúmọmọ, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi "ẹ sanwó ná, yóò ti parí kí ẹ tó dé" tàn yín.

Nọ́mbà ṣásì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lábẹ́ gíláàsì iwájú tàbí lára irin, kó bá ti àdéhùn mu lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí táyà. Ní òpin ìlà lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT, ẹ ó rí nọ́mbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré: 1424 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2024. Ẹ wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àfikún rẹ̀. Lórí bọ́ọ̀sì tiwa, táyà méjì ẹ̀yìn fi ọdún kan gbọ́ ju méjì iwájú lọ, mo sì ní láti fi ìka nu eruku kúrò kí n tó rí i. Wọ́n pààrọ̀ wọn nítorí pé a ò tíì san tán. Bátìrì náà ti kú. Wọ́n fi wáyà jí i, wọ́n ní yóò gbé owó ara rẹ̀. A ní ká gba tuntun.

Ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ wo wáyà bóyá eku ti jẹ níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn inú ọkọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ wo kìlómítà: ọkọ̀ tí wọ́n gbé lórí tírélà kò yẹ kó ti rin ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n wà láti Èkó sí Àbújá yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, kí wọ́n sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ka kọ́kọ́rọ́, kó pé méjì. Àkókò wáràńtì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀ níwájú yín, kí ìdúró ní yáàdì má baà jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ wò ó: ẹ ti kọ gbogbo àbùkù sílẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti tún un ṣe tán. Nígbà náà ni kí owó ìkẹyìn lọ.

Ìpele 8: Gbígbé e wálé

Kí ọkọ̀ tó jáde ní yáàdì, kó ti ní ìnṣọ́ránsì. Èyí tó kéré jù, tó jẹ́ 15,000 náírà láti 2023 fún ọkọ̀ àdáni, ẹlòmíràn ló ń dáàbò bò. Tí ọkọ̀ tiyín bá fọ́ lójú ọ̀nà, kò kàn wọ́n. Fún tíà-rọ́bà, ẹ ra èyí tó bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì yẹ nọ́mbà rẹ̀ wò lórí àkójọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà, NIID, lórí fóònù yín níbẹ̀. Ẹ gba ojúlówó ìwé aṣọ́bodè, tàbí ìwé ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti tò ó. Láìsí i, wọn ò ní fún yín ní nọ́mbà ní Kogí.

Láti Àbújá, ẹ gbéra ní kùtùkùtù kí ẹ lè délé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má rin òru. Láti Lọ́kọ́jà ẹ gba Ọbajánà. Ọ̀nà kọnkéré láti ibẹ̀ sí Kàbbà jẹ́ kìlómítà 43, ibẹ̀ ni àwọn awakọ̀ sì máa ń fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì tuntun wò. Ẹ má gbà fún wọn. Ìwé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní kí a má fi tipátipá tẹ̀ ẹ́ fún 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, kí eré má sì dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún tírélà sìmẹ́ńtì.

Ẹ wò ó: lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tan iná ọkọ̀, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá epo tàbí omi kán síbẹ̀. Ẹ ya àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú kìlómítà tó rìn wálé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà, lábẹ́ ìpè tó kẹ́yìn.